Ìwé Ìdáhùn Tó Wà Lára Ògiri Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà àwa ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Tanke ní Ìlọrin níbí, àyà mi kan símẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé lè rò pé owó tó já bọ́ ni mò ń wá lábẹ́ tábìlì. Mo kí bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi. Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Mo kí ìyàwó Kọ́lá àti ọmọ tuntun tí mi ò tíì fojú kàn. Kọ́lá fúnra rẹ̀, ìkíni tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, torí èmi àti àbúrò mi yìí ní ẹjọ́ díẹ̀ nílẹ̀.

Òun ló ń ka lẹ́tà mi fún yín láti ìgbà tí ojú yín ò ti gbé kálàmù tín-ín-rín mọ́. Nígbà tí mo wálé Àjíǹde, mo ní kí lẹ ti wá rí ọ̀rọ̀ ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ sí, ẹ ní ibà wo? Kọ́lá ní òun fò ó ni, kí ọkàn yín má bàa dàrú. Mi ò bá a jà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tòní, mi ò fẹ́ kó fo ìlà kan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó máa ń wá tẹ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní òun á gbé e jáde, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Mo ní bó bá kàn wọ́n kí wọ́n kà á, ìyá tèmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tí Kọ́lá bá wá fo ibì kankan, Ìyá Ẹlẹ́kọ tó múlé tì yín á sọ fún yín, torí ọmọ wọn náà á ti kà á sí wọn létí.

Ìyá mi, ẹ ti dákẹ́ sí mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Àwọn tó ń bá wa kà á ò mọ Bàbá Kúdí, awakọ̀ tó ń ná Ọ̀fà Garage níbí sí Ìkìrun lọ́dọ̀ yín. Ní tèmi, òun gan-an ni lẹ́tà yín, torí ẹnu rẹ̀ lẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gáréèjì ni mò ń gbà lọ. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ló ti máa ń rẹ́rìn-ín, á ní ìyá mi tún ní ìbéèrè. Ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù tí mo rà fún yín. Ẹ bi mí pé apá ibo lèèyàn ń yí rédíò sí kó tó gbọ́ ìròyìn. Ẹ bi mí pé òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ṣé kí ẹ jẹun tán ni àbí kí ẹ tó jẹun. Lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó bi mí pé ṣé kí òjò tó rọ̀ ni wọ́n ń gbin èbù iṣu ni àbí tó bá rọ̀ tán. Ẹ̀rín pa Bàbá Kúdí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti ń kọ ebè.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí mo bá dé gáréèjì, ohun tí Bàbá Kúdí ń sọ ni pé kò sí nǹkan. Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé ó gbàgbé ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo ní bóyá kò yà sọ́dọ̀ yín, inú bí i, ó ní iyán tí ẹ gún fún òun ṣì wà níkùn òun. Kérésì dé, mi ò lè wálé torí ọ̀gá mi rìnrìn àjò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí Bàbá Kúdí bá mi bi yín pé ṣé mo ṣẹ̀ yín ni. Ó padà dé, ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ wo ojú mi.

"Mo bi wọ́n pé ṣé Níyì ṣẹ̀ wọ́n ni, tí kò fi sí ìbéèrè kankan fún un mọ́. Wọ́n ní kò sí o, pé gbogbo ìdáhùn ti wà lára ògiri."

Ẹ̀yin mọ ohun tó wà lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀, kí n sì fi ibẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan tí ẹ ti ń bi mí tipẹ́tipẹ́ tí mi ò dáhùn dáadáa rí, pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe ní Ìlọrin gan-an.

Iṣẹ́ ojú ọ̀sán ò ní àdììtú nínú. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì ní Tanke. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá, à ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá, òun náà ló ra sítóòfù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi tún ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí iná bá wà tí òjò ò sì ba wáyà jẹ́, ẹ̀rọ náà á pe Èkó, á kó lẹ́tà tí a kọ lọ, á sì kó èyí tí wọ́n kọ sí wa láti gbogbo ayé bọ̀. Í-méèlì ni wọ́n ń pè é.

Inú í-méèlì yìí ni mo ti bá àwọn èèyàn kan pàdé tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ètò ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé tó fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n máa ń dì í pa ni, èèyàn ò lè rí inú rẹ̀. Tàwọn èèyàn wọ̀nyí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ lè wo inú rẹ̀, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni, ìyá mi. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn lọ́wẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́lé nígbà èwe yín gẹ́lẹ́ ni, àfi pé àwọn ọlọ́wẹ̀ yìí ò rí ojú ara wọn rí, ẹni tó pè wọ́n ò sì se oúnjẹ.

Nígbà tí wọn ò ti rí ara wọn, lẹ́tà ni wọ́n fi ń jókòó pọ̀. Èèyàn á kọ lẹ́tà kan sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan lókè òkun á sì pín in fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá fèsì, gbogbo wọn náà ló máa rí èsì. Àpérò ni èmi ń pè é. Kí n tó dé, àpérò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ń tún ọkàn ètò náà ṣe jọ wà lójú kan, ariwo wọn á dà bí Ọjà Tuntun nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ara wọn.

Bí iṣẹ́ títọ́jú àpérò yìí ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ máa pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù, ẹ̀rọ tiwọn kì í kúrò lórí wáyà. Bí wọ́n bá bú wọn, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bú padà. Èmi tí lẹ́tà mi gbọ́dọ̀ dúró de ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èsì mi á fi débẹ̀, ìjà ti tutù, ọ̀rọ̀ mi á sì dà bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Wọ́n gbà pé onísùúrù ni mí. Wọn ò mọ̀ pé wáyà ló ní sùúrù. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa bá wọn ṣètò àpérò, mo sì gbà. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, ẹ ti bi mí, mo sì ti dáhùn.

Mo pín àpérò náà. Mo ya àwọn tó ń kọ ètò sọ́tọ̀, mo ya àwọn tó ń lò ó tí wọ́n ní ìbéèrè sọ́tọ̀, mo sì ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìkéde. Mi ò dé òkè òkun rí, ṣùgbọ́n láti Tanke ni mò ń fi lẹ́tà pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún. Màá kọ ìlà kan pé kó gba lágbájá wọlé, á gbà á. Màá kọ òmíràn pé kó yọ tàmẹ̀dù, á yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lójoojúmọ́, èyí sì ń sú àwọn tó ń dáhùn. Mo bá kọ ohun tí mo pè ní Ìwé Ìdáhùn. Mo kó gbogbo ìbéèrè tó ti di àsọtúnsọ jọ, mo to ìdáhùn wọn tẹ̀ lé wọn, mo sì kọ ọ́ sórí ìwé náà pé: Ẹ kọ́kọ́ wo ibí kí ẹ tó béèrè. Bí ẹnì kan bá wá béèrè ohun tó wà níbẹ̀, mi ò ní kọ èsì gígùn. Màá ní kó wo ìdáhùn kẹrin. Ó tán. Wọ́n yìn mí gan-an fún ìwé yẹn. Orí mi wú.

Ohun kan tó kọ́kọ́ dùn mí láàárín wọn ni pé wọn kì í kíra. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí wọn, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú òtútù, mo béèrè àlàáfíà ilé wọn. Ẹnì kan fèsì pé ìkíni yẹn ń gba àyè, pé kí n máa lọ tààrà sí ìbéèrè mi. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo kọ́ ọ, ó sì mọ́ mi lára débi pé lẹ́tà tí mo ń kọ sílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹ ti sọ ọ́ fún Kọ́lá rí pé Níyì ti ń kọ̀wé bíi ti ìjọba.

Ìyá mi, mo ka lẹ́tà àwọn èèyàn láti ibi tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ mo dá wà níbí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, Kọ́lá, má fo ibí yìí. Yàrá kan ni mo ní nílé Alhaja, onílé mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá ra ìrẹsì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, màá gbé e wọlé, màá jẹ ẹ́ lórí ibùsùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí mi ká ń yí padà lọ́dọọdún, bí mo bá ti ń mọ orúkọ wọn ni wọ́n ń ṣe tán. Ọjọ́ Sunday ló burú jù. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń jókòó sẹ́yìn, wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́ tán, oníkálùkù á bá ìyàwó àtọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò. Láàárín ọyẹ́ yìí, eruku pupa ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ètè mi bó, mi ò sì rí ẹni sọ fún pé ètè mi bó. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń wù mí í sọ.

Bí ìwé ògiri ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìparí òjò ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dà bo ṣọ́ọ̀bù torí gbogbo wọn ló fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo dé gáréèjì, Bàbá Kúdí ní ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ sítóòfù. Mi ò bínú o, ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ni mo ṣe. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo kó gbogbo ìbéèrè yín jọ. Mo kọ sítóòfù, mo kọ rédíò, mo kọ òògùn, mo kọ èbù iṣu. Mo to ìdáhùn wọn sábẹ́ wọn, mo sì fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́ kí ojú yín lè gbé e. Mo kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pẹ̀lú pé: Ẹ kọ́kọ́ wo ibí kí ẹ tó béèrè. Mo kọ iṣẹ́ mi náà síbẹ̀, mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, mo sì fi àmì ìdúró sí i.

Inú mi dùn sí i. Mo rò pé ohun tí ọmọ gidi ń ṣe ni mo ṣe yẹn. Kọ́lá po ẹ̀kọ, ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yín, ó kà á fún yín láti òkè délẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ẹ dúró wò ó títí, ẹ ní ó dára. Nígbà tí ẹ béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó na ìka sí ògiri. Ẹjọ́ tí mo ní bá a ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo rán an.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ ò béèrè nǹkan kan mọ́. Alhaja onílé mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó má kí mi láti ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Á béèrè oorun, á béèrè iṣẹ́, á wá kàn yín, á ní màmá mi ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo máa ń dáhùn kíá torí mò ń sáré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yìí, mo ní mi ò gbúròó yín. Ó gbé kẹ́tùrù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ tó ò ń ka lẹ́tà gbogbo ayé, o ò gbúròó ìyá ẹ?"

Ó ní àbí kí lẹ máa ń bá mi sọ tẹ́lẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ sítóòfù ni. Ó gbé kẹ́tùrù rẹ̀, ó ń bá àlùwàlá rẹ̀ lọ.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá kan ṣẹlẹ̀ ní àpérò ìbéèrè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìlú kan tí yìnyín ti ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń gbé, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kì í parí kó má béèrè pé kí ni òun á ṣe kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun tó gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà òun lẹ́nu. Ìdáhùn kẹrin nìyẹn nínú Ìwé Ìdáhùn. A tọ́ka rẹ̀ sí i títí ó fi sú wa. Àwọn tó ń kọ ètò bínú, wọ́n ní bàbá yìí ń fi àkókò ẹni ṣòfò, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Ìlà kan péré ni màá kọ, kò sì ní rí lẹ́tà kankan gbà lọ́dọ̀ wa mọ́.

Mo ti kọ ìlà náà tán, ó ku kí wáyà ìrọ̀lẹ́ gbé e lọ. Ọkàn mi kọ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í lé àgbà kúrò ní àwùjọ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo bá jókòó, mo ń ka àwọn lẹ́tà rẹ̀ àtijọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nígbà kan, ẹni tuntun kan béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí kan náà, bàbá yìí ló sì dá a lóhùn. Ó dá a lóhùn yékéyéké, ju bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ.

Mo pa ìlà tí mo kọ rẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá náà nìkan, mo sì kí i bí mo ṣe máa kí bàbá kékeré, mi ò bìkítà bó ṣe gba àyè tó. Mo bi í pé ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí, kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè rẹ̀? Èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun wà láyé, ó máa ń jókòó ti òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, á máa hun aṣọ òtútù, á máa bi òun pé kí nìyẹn, kí nìyí. Báyìí, òun lè wà láti Mọ́ńdè di Mọ́ńdè kí òun má gbọ́ ohùn òun fúnra òun. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé:

"Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó máa dá mi lóhùn ni mi ò ní."

Ìyá mi, mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dúró dè mí, mo ní kó jọ̀ọ́ kó padà wá. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì yunifásítì ń kọjá, mo sì ń ro àwọn ìbéèrè yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin èbù? Ṣebí ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ kọ́ mi, ẹ sì nà mí lọ́jọ́ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Sítóòfù yẹn ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, èmi tí mo rà á ni mi ò mọ̀ ọ́n tàn. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ tàn án, ẹ sì se ẹ̀wà lórí rẹ̀. Rédíò ti wà nílé kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí ẹ bi mí tí ẹ ò mọ̀.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé ńlá yẹn. Kọ́lá ń yà kí yín tó bá ti kọ́ni tán nílé ìwé, á sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ dá wà, mo mọ̀ yín. Sítóòfù lẹ máa sọ. Èmi náà wà ní Tanke, mi ò lè sọ fún yín pé mo dá wà, mo kàn ń dáhùn ọ̀rọ̀ sítóòfù. Ohun tó ń jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa nìyẹn, èmi ni mo sì fi ìwé lẹ̀ ẹ́ pa. Mo sunkún lórí bẹ́ńṣì yẹn, èmi géńdé ọkùnrin, ojú àwọn èèyàn sì tó mi.

Mi ò yọ bàbá yẹn. Mo dá àpérò mìíràn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, fún ojú ọjọ́, oúnjẹ àti àìrí oorun sùn. Àwọn tó ń kọ ètò ráhùn pé ta ló ráyè irú ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti ń yọjú síbẹ̀ báyìí, wọ́n tiẹ̀ ti ń kíra. Mo ń yọjú síbẹ̀ náà, ó sì dára bó ṣe mọ. Ṣùgbọ́n tí wáyà bá ti gé, mo tún ku èmi nìkan.

Ọ̀rọ̀ tiwa ló ṣòro jù. Mo ránṣẹ́ sí Kọ́lá pé kó lọ bó ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Bàbá Kúdí bá mi mú èsì rẹ̀ bọ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá. Kọ́lá ní òun ti gbé omi dé ìdí ògiri, ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án, pé ọmọ yín ló jókòó kọ ọ́. Mo dúró ní gáréèjì. Àwọn agbèrò ń pe Ọ̀fà, wọ́n ń pe Ìkìrun, wọ́n ń pe Òṣogbo, ọkọ̀ ń kún, wọ́n ń lọ. Tí kì í bá ṣe pé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lápò mi, ǹ bá ti bá wọn wọkọ̀ wálé. Ọ̀gá mi ti dé báyìí, ó ní òun á fún mi ní àyè tí Àjíǹde bá dé. Ṣùgbọ́n Àjíǹde ṣì jìnnà, mi ò sì lè dúró títí di ìgbà yẹn kí n tó gbúròó yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ nínú ilé, oúnjẹ ò ní kórò lẹ́nu yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ ò ní fi ojú sunkún ẹnì kankan nínú wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ kí àwọn ìyàwó agboolé wa, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé ọmọ tuntun lé itan kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Kọ́lá, mo kí ọ o, àbúrò mi, ẹjọ́ ti parí. Kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìyá mi, mo ní ìbéèrè kan. Mo ti wo ẹ̀dà ìwé ara ògiri tó wà lọ́wọ́ mi láti òkè délẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ se iṣu ní Sátidé. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣu ti jinná nínú ìkòkò? Bàbá Kúdí á dé ọ̀dọ̀ yín ní Àlàmísì, màá sì wà ní gáréèjì ní Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Níyì.